Àpò Ìsùn Bàbá Gàgàrà

Màmá mi kì í wọn èèyàn lórí ìdúró. Àpò ìsùn ni wọ́n ń rán, àpò olówùú tí àwọn tó ń sùn lórí òkè máa ń kó sínú ẹ̀, tí wọ́n á fi síìpù sé e dé ọrùn. "Ta ló ń sùn lórí ìdúró?" ni wọ́n máa ń bi oníbàárà. Wọ́n á tẹ́ aṣọ dúdú kan sílẹ̀, wọ́n á ní kó dùbúlẹ̀ bó ṣe máa ń sùn gan-an, wọ́n á wá fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Mo ti rí máníjà tó ń sùn bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo ti rí tíṣà tó káwọ́ mọ́yà bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ká má purọ́, nítorí ìran báyìí ni mi ò ṣe tíì wá iṣẹ́ míì.

Ẹnìkan ṣoṣo ló kọ̀ tí ò dùbúlẹ̀: ẹ̀gbọ́n Màmá, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Gàgàrà. Ẹ̀ṣọ́ igbó ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹnu ọ̀nà tí wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ṣì máa ń kó àwọn ẹ̀ṣọ́ tuntun gun òkè fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí wọ́n lè mọ ọ̀nà. Lọ́dún tó kọjá, òtútù mú Bàbá lọ́hùn-ún, ó wọ̀ wọ́n láyà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n lò lọ́sibítù. Dókítà ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, àyà wọn ò ní gbà á mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló tó dá Bàbá Gàgàrà dúró?

Ohun tó ń rú mi lójú ni pé àpò tí wọ́n rà nígbà yẹn nípọn ju bẹ́ẹ̀dì mi lọ. Ó gùn, ó sì fẹ̀. Wọ́n rà á bí a ṣe ń ra yunifọ́ọ̀mù fọ́mọ, kó lè dàgbà bá a. Ibo wá ni òtútù gbà wọlé?

Màmá ki ọwọ́ bọ àpò náà títí dé èjìká. "Àpò ò ní iná tiẹ̀," ni wọ́n sọ fún mi. "Ara ẹni tó sùn sínú ẹ̀ ni sítóòfù. Tí yàrá bá wá tóbi ju sítóòfù lọ ńkọ́? Tó bá sì kéré jù, ẹsẹ̀ á tẹ òwú pa, òtútù á gba ibẹ̀ wọlé. Àfi ká wọn Bọ̀ọ̀dá."

"Kí n dùbúlẹ̀ kẹ̀?" ni Bàbá Gàgàrà wí. "Ṣé pósí lo fẹ́ kàn fún mi ni? Kọ ọ́ sílẹ̀: mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà méjìdínláàdọ́rùn-ún. Ó wà nínú ìwé iṣẹ́ mi."

"Bọ̀ọ̀dá, ìwé yẹn ti lé lógójì ọdún."

"Ṣé gíga náà máa ń fẹ̀yìn tì ni?"

Màmá ò jà. Wọ́n gbé oúnjẹ fún wọn. Bàbá jẹun yó, wọ́n ní káwọn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ lórí aṣọ dúdú yẹn, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ń hanrun. Màmá ṣẹ́jú sí mi: "Ṣọ́ọ̀kì dà?"

Bá a ṣe jí ìwọ̀n àgbàlagbà lọ́sàn-án gangan nìyẹn. Mo ń rọra fi ṣọ́ọ̀kì yí wọn ká, mo ń rẹ́rìn-ín sínú, Màmá sì ń fi téèpù tẹ̀ lé mi. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà méjìlélọ́gọ́rin ni. Èjìká tó gbòòrò náà ti fún. Ẹ̀rín mi gbẹ.

"Èjìká yìí ló gbé mi kọjá odò lọ sílé ìwé," ni Màmá wí, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àánú àwọn méjèèjì ṣe mí.

Ìwọ̀n téèpù ni wọ́n rán àpò náà sí, wọ́n wá fi fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ kan kún un níbi ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Màmá bá rán àpò tán, wọ́n máa ń fi òwú pupa kọ gíga ẹni tó ni ín sí etí ẹ̀. Ibẹ̀ lọwọ́ wọn ti dúró. Nígbà tó yá, iye tó wà nínú ìwé iṣẹ́ Bàbá ni wọ́n kọ.

"Màmá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní téèpù kì í purọ́?"

"Ṣé téèpù ló purọ́ ni? Èmi ni. Gba àbẹ́rẹ́ yìí, kó o lọ tọ́jú ẹ̀."

Fún ọjọ́ mẹ́wàá, àràárọ̀ ni Màmá ń na ọwọ́ síta ojú wíńdò láti mọ bí òtútù ṣe tó. Lọ́jọ́ tí Bàbá Gàgàrà dé, kí n tó kí wọn ni mo ti ń tẹ́tí sí àyà wọn. Wọn ò wúkọ́. Wọ́n ju àpò náà sórí tábìlì.

"Ó gbóná dáadáa. Ṣùgbọ́n àpò ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ bọ́ sómi. Ó rí nọ́ńbà tó o kọ síbí, ó ní gíga tòun gan-an nìyẹn, ó bá ní kí n yá òun sùn lọ́sàn-án. Síìpù ò dé èjìká ẹ̀! Ni gbogbo wọn bá yíjú sí mi."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tiwa ò tiẹ̀ lo ogún ọjọ́. Màmá kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá. Mi ò fẹ́ kó dùn yín ni."

"Kó dùn mí? Ọjọ́ tẹ́ ẹ wọ̀n mí ni mo ti rí ṣọ́ọ̀kì lára ṣẹ́ẹ̀tì mi. Nígbà tí mo wá rí nọ́ńbà yẹn, mo ní, áà, àbúrò mi ni ò fẹ́ kí n kúrú. Mo bá gbé e lọ bẹ́ẹ̀."

Bàbá Gàgàrà bọ́ bàtà wọn, wọ́n tẹ́ aṣọ dúdú náà fúnra wọn, wọ́n sì nà gbọọrọ sórí ẹ̀.

"Ó yá, dìde. Wọ̀n mí lójú mi."

Màmá nu ojú, wọ́n mú téèpù, èmi sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú pupa náà.