Etí Tí Ẹ̀rọ Eyín Gbà Lọ́wọ́ Mi

Tí ẹ bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹ kọjú sí mi, kí ẹ sì gbé ohùn sókè. Ọmọ tó bá pariwo mọ́ mi kì í bí mi nínú. Èyí tó bá ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, tó wá ń fi ojú bi mí pé kí ló dé tí mi ò fèsì, òun ni mo lè fọ́ létí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi rò pé ogbó ló dí mi létí. Irọ́ ni. Mi ò tíì lọ́kọ tí etí mi fi lọ.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira ni. Ìjọ kan ní ilé ìwòsàn kékeré nítòsí Èjìgbò, òyìnbó oníṣègùn eyín kan sì ń kọ́ àwa ọ̀dọ́bìnrin níṣẹ́ níbẹ̀: bí a ṣe ń gbẹ́ eyín tí kòkòrò ti jẹ, bí a ṣe ń dí i, bí a ṣe ń dán eyín àtọwọ́dá. Yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa, páánù lókè, sìmẹ́ńtì nílẹ̀, sìmẹ́ńtì lára ògiri. Kò sí iná ìjọba lọ́dọ̀ wa nígbà náà, jẹnẹrétọ̀ ló ń bú lẹ́yìn fèrèsé. Ẹ̀rọ tó ń pọn afẹ́fẹ́ wà nínú yàrá gan-an pẹ̀lú wa, wọ́n ní tó bá wà níta, òjò á bà á jẹ́ tàbí kí olè gbé e. Afẹ́fẹ́ yẹn ló ń yí irin wẹ́wẹ́ tí a fi ń gbẹ́ eyín. Ohùn irin náà tín-ín-rín, ó sì mú. Àárín orí ló máa ń gbà lọ tààrà.

Eyín tí wọ́n ti fà lẹ́nu àwọn aláìsàn la fi ń kọ́ṣẹ́. A ó tò wọ́n sínú nǹkan funfun kan tí wọ́n ń pò bí ẹ̀kọ, tó máa ń tètè le, a ó wá tẹrí bá wọn, gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Tí a bá jáde, a ó máa pariwo mọ́ ara wa bí ẹni tó ń jà. Ẹ̀rín ni a máa ń fi í rín.

Òyìnbó náà kì í wọlé tì wá láìki òwú bọ etí. Àwa rò pé etí ń dùn ún ni. Àánú rẹ̀ ṣe wá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń kí i láràárọ̀ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà, ṣé ó ti ń san?" Ó máa ń rẹ́rìn-ín, kò sì ṣàlàyé kankan. Ìgbà tó yé ọ̀kan nínú wa pé ariwo ẹ̀rọ ló ń sá fún, òun náà ki òwú bọ etí tirẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni nọ́ọ̀sì àgbà tó ń mójú tó wa, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń pè é. Ó pè é, ó tún pè é, ọmọ ò dáhùn. Ó fa òwú náà yọ, ó ní kó lọ kúnlẹ̀ sínú oòrùn.

"Àgbà ń pè ọ́, o fi òwú dí etí? Ta ló bí ọ?"

Orí òkúta ló kúnlẹ̀ sí títí eékún rẹ̀ fi bó. Láti ọjọ́ náà, ẹnu aláìsàn nìkan ni òwú ń wọ̀ lọ́wọ́ wa. Mi ò sì dá nọ́ọ̀sì yẹn lẹ́bi púpọ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa: tí àgbà bá pè ọ́, o gbọ́dọ̀ jẹ́.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú etí mi bí omi tó wà lórí iná, àní tí ilé bá pa rọ́rọ́. Mo sọ fún òyìnbó. Ó lọ sẹ́yìn mi, ó pàtẹ́wọ́, mo yíjú. Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe mí, kí n padà sídìí iṣẹ́. Mo gbọ́ àtẹ́wọ́, kí ló dé tí mi ò ní gbọ́ ọ? Ohùn obìnrin ni mi ò gbọ́ mọ́, àti ohùn ẹni tó bá wà lẹ́yìn mi.

Bẹ́ẹ̀, mo ní àfẹ́sọ́nà. Ọmọ ìlú Ara nítòsí wa ni, ó wà l'Ábíjàn níbi tó ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tajà, ọdún Kérésì tó bá dé ni a fẹ́ ṣe ìdána. Nígbà tí ọkọ bá sì wà lókèèrè, ìyá rẹ̀ ló ń fi ojú ṣọ́ ìyàwó fún un. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá náà níbi yòówù kí n ti rí i, àní nínú ẹrẹ̀. Ó fẹ́ràn mi. Ó ní orúkọ kan tí òun nìkan ń pè mí.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, a jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, òjò ṣú, mo ń yára lọ sílé. Ìyá náà wà lẹ́yìn mi láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń fi orúkọ yẹn pè mí. Mi ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní ó pè mí títí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń wo ara wọn lójú, èmi sì ń kánjú lọ. Lọ́jà Èjìgbò, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó ti Àbíjàn dé kí mi láti ẹ̀gbẹ́, mo kọjá lára rẹ̀ bí ẹni kọjá lára igi.

Alárinà ló wá sọ fún wa. Ó ní wọ́n ń wí nílé ọkọ pé iṣẹ́ òyìnbó ti ń gùn mí, pé mi ò ka èèyàn sí mọ́.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ ká sọ fún wọn pé etí ni," mo sọ nígbà tó lọ tán.

Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Ó sún mọ́ mi. "Wọn ò ní sọ pé ẹ̀rọ ló fà á. Ta ló mọ ẹ̀rọ? Wọ́n á ní adití ń bẹ nínú ìdílé wa. Ta ni yóò wá fẹ́ àbúrò rẹ?"

Òótọ́ ló sọ. Kí wọ́n tó fẹ́yàwó nígbà náà, wọ́n á ṣe ìwádìí: wèrè, wárápá, ẹ̀tẹ̀, adití. Aláfojúdi kàn ba ara rẹ̀ jẹ́ ni, ṣùgbọ́n adití, gbogbo ilé ló kó bá. Síbẹ̀ inú bí mi gidigidi. Mo bi í bóyá èmi ló fẹ́ fi rúbọ fún àbúrò mi. Kò fèsì, àbí ó fèsì, mi ò gbọ́.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta kan ni wọ́n wá: ìyá ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ, àti alárinà. Bàbá náà ló sọ̀rọ̀. Ó ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, kí wá ni wọ́n rí lára ọmọ yìí? Wọ́n ní kí n jáde, mo kúnlẹ̀ síwájú wọn.

Ìyá mi, tó fẹgba kọ́ mi pé "kí ni?" kọ́ la fi ń dá àgbà lóhùn, kọjú sí mi. Ó gbé ohùn sókè kí n lè gbọ́.

"Ẹ má dá ọmọ lẹ́bi. Èmi ni mi ò kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ kú, mo kẹ́ ẹ bàjẹ́."

Wọ́n dìde. Nígbà tí ìyá ọkọ mi dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, jẹ́jẹ́. Orí mi wà nílẹ̀, mi ò rí ẹnu rẹ̀. Mo bẹ̀rù pé tí mi ò bá fèsì, wọ́n á tún ní mi ò dáhùn. Mo ní, "Àmín, mà."

Ìdána tèmi ò wáyé mọ́, àbúrò mi sì lọ́kọ sílé ire. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni ìyá mi tún sọ fún mi nígbẹ̀yìn, àyàfi ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn. Ó wà níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Mo bi í títí ó fi kú, kò sọ ohun tí mo ṣe àmín sí fún mi.