Bí Bàbá Mi Ṣe Bá Mi Fẹ́ Ará Náṣífìlì

Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi ń gbé ní Náṣífìlì, ìlú kan lápá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí orin kọ́ńtírì ti gbilẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé wa ní Badagry, tí ẹ bá wo ojú bàbá mi, ẹ ó rò pé òun gan-an ni wọ́n wá tọrọ.

Ẹ má bínú pé mò ń kọ "ó" fún bàbá mi. Bí mo bá kọ "wọ́n", ẹ lè rò pé wọ́n pọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo yìí ti tó wa.

Ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe létí ọ̀sà. Kí wọ́n tó bí mi ló ti fẹ́ràn orin kọ́ńtírì. Rédíò rẹ̀ á máa ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà á dé àkẹtẹ̀ ńlá kan. Ó ní irú rẹ̀ làwọn olórin ọ̀hún ń dé, nítorí darandaran ni wọ́n. Ewúrẹ́ méjì péré la ní nílé, wọn kì í sì í gbọ́ tirẹ̀.

Ìyá mi kò fẹ́ fi etí kan orin yẹn. Ẹnì kan ti sọ fún un pé orílẹ̀-èdè ló ń jẹ́ kọ́ńtírì.

"Orílẹ̀-èdè wo ni gbogbo wọn ti ń sunkún báyìí?"

"Kì í ṣe orílẹ̀-èdè," bàbá mi á dáhùn. "Orin ará oko ni."

"Àwa náà kúkú ń gbé ẹ̀bá omi. Ta lẹ rí tó ń fi gìtá sunkún níbí?"

Obìnrin kan láti Morogbo tó máa ń ra òróró àgbọn lọ́wọ́ ìyá mi ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọkùnrin yìí. Ó sọ pé ìyàwó tó máa ń dákẹ́ ni ọkùnrin náà ń wá. Ìyá mi kàn fi ẹnu júwe mi. Mo parí ìwé mẹ́fà, mo wọ sẹ́kọ́ńdìrì díẹ̀, lẹ́yìn náà mo padà sídìí àgbọn. Bí àlejò bá ti wọlé wa, mo máa ń wá iṣẹ́ lọ ṣe lẹ́yìnkùlé, kódà bí kò bá sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Fóònù bàbá mi nìkan ló ń gba fọ́tò nílé wa, nítorí náà orí rẹ̀ ni ọkùnrin náà pè sí. Wọ́n gbé e sí mi létí. Mo ní, "Ẹ káàsán sà." Ọkùnrin náà ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára. Mo tún un sọ. Ó ní bóyá kí òun pè padà. Bàbá mi gba fóònù rẹ̀, ó pa á, ó ní, "Kò burú. A ó máa kọ̀wé sí i lórí fóònù." Mi ò mọ̀ pé òun nìkan ló ń jẹ́ "a".

Ó fi fọ́tò mi ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà, láti ọjọ́ yẹn sì ni fọ́tò tirẹ̀ náà ti ń wọlé. Bí mo bá jókòó tí mò ń rin àgbọn, bàbá mi á na fóònù sí mi lójú, á ní, "Wo ọkọ rẹ!" Kì í fi ìwé tí wọ́n ń kọ síra wọn hàn mí.

Fọ́tò ilé orin àtijọ́ kan ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì ni tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ṣì ń jókòó sórí àga gígùn inú ṣọ́ọ̀ṣì náà wo àwọn olórin.

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sọ di ilé orin?" ni ìyá mi wí. "Tiwa níbí, ilé orin ni wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì."

Lẹ́yìn náà ló rán fọ́tò ilé kan tí òpó ńláńlá yí ká. Wọ́n ní ilé òrìṣà àwọn ará Gíríìsì ayé àtijọ́ ni wọ́n wò kọ́ ọ, ère òrìṣà obìnrin kan tó ga ju ilé wa lọ sì wà nínú rẹ̀, wọ́n fi wúrà bò ó lára. Ìyá mi wò ó títí.

"Àwọn òyìnbó yìí ló wá sí Badagry wá sọ fún wa pé ká da tiwa sínú ọ̀sà."

Ọkùnrin náà tún dé ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n kó aṣọ àti bàtà àwọn olórin tó ti kú sí, tí wọ́n fi gíláàsì bò wọ́n. Bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún fóònù. Ìyá mi ní ṣé àwọn olórin yẹn kò ní àbúrò tí yóò jogún aṣọ wọn ni. Ó tún dé òpópónà kan tí ilé ọtí kún, tí wọ́n ti ń kọrin láti àárọ̀ kùtù. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń ta adìẹ díndín aláta tí ìlú wọn fi ń yangàn. Omi ń dà lójú rẹ̀ nínú fọ́tò yẹn. Ó dun bàbá mi gan-an.

"Ọmọ etí ọ̀sà! Tí ata òyìnbó ń pa lẹ́kún!"

Ohun tí èmi rí yàtọ̀. Nínú gbogbo fọ́tò wọ̀nyẹn, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Kò sí ọ̀kan tó wà nínú ilé. Ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí wọ́n ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ojú náà ń wù mí díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú nìkan kọ́ ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn èèyàn rẹ̀ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá gbọ́ èsì lẹ́nu mi. Mo máa sọ pé mo fẹ́ ọkùnrin kan, màá sì bá a lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń fi gìtá sunkún, bẹ́ẹ̀ n kò tíì bá a sọ ju "ẹ káàsán" lọ. Bí mo bá sì kọ̀, bàbá mi ló máa ṣọ̀fọ̀ ju ọkọ lọ.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n dé, bàbá mi sọdá omi lọ tún ẹ́ńjìnnì kan ṣe, ó gbàgbé fóònù sílé. Mo gbé e. Òróró àgbọn wà lọ́wọ́ mi, fóònù náà kò dá mi lóhùn rárá. Mo nu ọwọ́ mi sára ìró, mo tẹ ibi tí wọ́n fi ń gba ohùn. Mo ní: "Ẹ káàsán sà. Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ fẹ́ràn orin yẹn?"

Lójú ẹsẹ̀ ló pè.

"Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni sà."

"Ìwọ ta ni? Ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ kì í pè mí ní 'ẹ'."

Ẹnu yà mí. Ó fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ. Èmi tó jẹ́ pé díẹ̀ ló kù kí n máa fi "ẹ" bá ìyá ewúrẹ́ ilé wa sọ̀rọ̀.

"Àná yìí náà ló kọ ọ́ sí mi pé, 'Ṣé o ti jẹun? Lọ gé irun rẹ, ó ti dà bí igbó.'"

"Bàbá mi ni, sà."

Ó tún bèèrè.

"Ẹni tó sọ pé ọkùnrin tí ata ń pa lẹ́kún kò lè ṣe olórí ilé ńkọ́?"

"Bàbá mi ni."

"'Ó dàárọ̀, ọmọ mi'?"

"Bàbá mi ni, sà."

"Háà! Lọ́jọ́ Àìkú, mo kọ̀wé pé mò ń rí ojú rẹ lójú oorun…"

Mo fi ọwọ́ bojú bí ẹni pé ó ń rí mi. "Kí ni wọ́n fèsì?"

"'Ó dáa. Ṣé o ti ya fọ́tò afárá yẹn?'"

Ẹ̀rín pa á títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní àǹtí òun sọ fún òun pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni mí, ó wá ń ya òun lẹ́nu pé mò ń pàṣẹ fún òun bí ọ̀gá. Òun rò pé bí àwọn obìnrin Badagry ṣe ń fi ìfẹ́ hàn nìyẹn.

Kò fẹ́ràn orin náà rárá. Ibi tí wọ́n ti ń gé adìẹ ló ń ṣiṣẹ́, orin yẹn ni wọ́n sì ń gbé sí wọn lórí títí iṣẹ́ á fi parí. Bó bá wá di ọjọ́ ìsinmi, á lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ibi tí "mo" bá rán an, á ya fọ́tò, á sá padà sílé.

"Kí wá lẹ̀yin fúnra yín máa ń wò nílùú yẹn?" ni mo bi í.

Ó bọ́ síta, ó sọ ìpè náà di ti fídíò, ó sì yí fóònù ká kí n lè rí i. Ó fi ibi tó ti ń fọ aṣọ hàn mí, níbi tí ẹ̀rọ ń yí aṣọ po. Ó ní ibẹ̀ máa ń móoru, kò sì sẹ́ni tó ń kọrin. Ó fi ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ra gààrí hàn mí. Ó ní gààrí náà kò kan tó tiwa, àánú rẹ̀ ń ṣe òun. Mo rẹ́rìn-ín sókè.

"Máa pè mí ní 'o'," ló wí.

"Rárá sà."

Lọ́jọ́ Sátidé, àǹtí rẹ̀ ará Morogbo dé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ sórí ẹní. Bàbá àgbà náà ní, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ ẹ?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń la ẹnu ni. Bàbá mi ti fò sókè.

"Ó fẹ́ ẹ gan-an! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀!"

Mo ti sọ ohun gbogbo fún ìyá mi. Ó yíjú sí bàbá mi.

"Ta ni ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n wá tọrọ, ẹ dìde, ká wé gèlè fún yín."

Ilé dàrú fún ẹ̀rín. Nínú ariwo yẹn ni mo sọ tèmi.

"Kí ló wí?" ni bàbá àgbà bèèrè.

"Mo ní mo fẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ra fóònù tèmi fún mi."

Inú gbogbo wọn dùn, àfi bàbá mi. Ó ní kí wọ́n dúró ná, ṣé ìyẹn ni pé ọmọkùnrin náà kò ní máa kọ̀wé sí òun mọ́? Bàbá àgbà ní kò sẹ́ni tó ń kọ àna rẹ̀ sílẹ̀.

Fóònù tèmi ti dé báyìí. Bí mo bá pe Náṣífìlì tí wọ́n ní ẹni tí mò ń pè ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, mi ò kì í jowú. Mo kàn máa ń yọjú sí etí ọ̀sà wò bóyá bàbá mi ti parí.