Wáyà Ṣeun Ló Wọ̀ Mí Lójú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbọ́ tẹnu mi o, ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun tó gẹ́ẹ́.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Ìkàrẹ́. Láìpẹ́ yìí, mo to ẹ̀rọ CNC kan jọ fúnra mi, èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gbẹ́ ọnà sára pákó. Ẹ bá mi yọ̀!

Àmọ́ Ṣeun ti ní tiẹ̀ ní Ọ̀kà ṣáájú mi. Ṣeun tó jẹ́ àbúrò mi níṣẹ́! Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú. Ní báyìí, ojoojúmọ́ ló ń gbé fọ́tò iṣẹ́ sórí státọ́ọ̀sì. Èmi á sì máa wò wọ́n ní àwòtúnwò.

Lọ́jọ́ kan, mo rí wáyà ẹ̀rọ rẹ̀ nínú fọ́tò, wọ́n tò tẹ́lé ara wọn bí irun dídì. Tèmi rí wúruwùru. Ṣé kí n gbà fún un ni? Mo ra rọ́bà ìsowáyà, mo kó gbogbo wáyà mi pọ̀, mo dì wọ́n pinpin, mo ya fọ́tò, èmi náà gbé e sí státọ́ọ̀sì. Ṣeun wò ó, mo rí orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Àfi bí wàhálà ṣe dé! Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ṣúpárè gbé pẹpẹ ìwàásù fún mi ṣe, wọ́n fẹ́ yà á sí mímọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo tan mọ́tò tó ń yí ọ̀bẹ ẹ̀rọ, ó rìn díẹ̀, gbágá! Ó dúró. Kọ̀ǹpútà ní ó ti kan límíìtì súwíìṣì, ìyẹn súwíìṣì kékeré tó máa ń dá ẹ̀rọ dúró kó má baà kọlu etí férémù. Bẹ́ẹ̀ àárín pákó ló wà!

Mo fẹ́ eruku nù. Mo pààrọ̀ súwíìṣì. Mo bú àwọn oníná. Pàbó!

Alàgbà ìjọ náà wá pè mí, ó ní bí kò bá ní ṣeé ṣe, kí n tètè wí, àwọn á gbé e fún ọmọkùnrin kan ní Ọ̀kà. Ẹ̀yin náà mọ ọmọkùnrin ọ̀hún!

Ìyàwó mi ní kí n lọ bi Ṣeun. Èmi kẹ̀? Kí ẹ̀gbọ́n máa bi àbúrò léèrè iṣẹ́? Ká má rí i! Àmọ́ ìyàwó Ṣeun ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, mi ò sì tíì lọ kí wọn. Ọ̀nà ti là nìyẹn. Mo ra ọṣẹ àti páúdà, mo gun ọ̀kadà, ó di Ọ̀kà.

Mo gbé ọmọ, mo ṣàdúrà fún un, mo ní kí n lọ na ẹsẹ̀ díẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn ilé wọn kí n tó gbọ́ ohùn Ṣeun lẹ́yìn mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ọmọ lẹ wá kí ni àbí wáyà?”

Yéè! Mi ò mọ ìgbà tí mo tú gbogbo ẹ̀ kalẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹ̀rọ máa ń dúró bí mo bá pa mọ́tò ọ̀bẹ. Mo ní rárá o, ìgbà tí mo bá tàn án nìkan ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní wáyà súwíìṣì àti ti mọ́tò ni mo dì pọ̀, iná mọ́tò ń da wáyà kékeré náà láàmú, kọ̀ǹpútà sì ń rò pé nǹkan ló tẹ súwíìṣì. Ó fi tiẹ̀ hàn mí: wáyà súwíìṣì nìkan ló gba òdìkejì férémù, níbi tí kámẹ́rà ò dé!

Ẹ ò rí ayé bí? Ohun tí mò ń jowú, mi ò tilẹ̀ rí i tán.

Mo délé, mo gé gbogbo rọ́bà dànù, mo gbé wáyà súwíìṣì gba ọ̀nà tiẹ̀. Ẹ̀rọ gbẹ́ pẹpẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìdúró. Nígbà tí mo gbé e dé Ṣúpárè, alàgbà fọwọ́ pa ọnà ara rẹ̀, ó mi orí.

Ó ní, “Èyí mà dáa o! Ó kúkú jọ iṣẹ́ Ṣeun!”

Mo ní ẹ ṣé, sà.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ká má máa wo aago aláago ṣiṣẹ́. Abèèrè kì í sì í ṣìnà, kódà bó jẹ́ àbúrò rẹ lo bi. Ṣé owú náà ti wá tán nínú mi? Mi ò ní purọ́ fún yín, kò tán!

Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ̀ ń jowú níbi iṣẹ́ yín, kí lẹ sì ti bà jẹ́ nítorí rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ká jọ rẹ́rìn-ín. Ṣeun, mo mọ̀ pé o máa ka èyí. Má dá sí i o!