Páálí Tí Mo Tú ní Dùgbẹ̀

Mi ò fẹ́ràn obìnrin yẹn títí di òní, mi ò sì ní purọ́ pé mo ti dárí jì í.

Bílẹ́ńdà ló rà lọ́wọ́ mi. Nígbà náà, ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ra ọjà olórúkọ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Dùgbẹ̀, tí mo ń tà á lórí ọjà ayélujára. Òun ni mo fi ń jẹun, òun ni mo fi rán àbúrò mi lọ sí yunifásítì. Ọ̀rọ̀ ìyìn táwọn oníbàárà kọ sábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi níbẹ̀, mo máa ń kà á kí n tó gbàdúrà àárọ̀.

Ẹni tó bá ra ohun tó ń lo iná ní Ìbàdàn, tí kò ní kí wọ́n tì í bọ iná lójú òun, ìyà tó bá jẹ ẹ́ tọ́ sí i. Bó o bá ti gbé e kúrò níbẹ̀, ẹni tó tà á fún ẹ kò mọ̀ ẹ́ rí nìyẹn. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo bá rà ni mo máa ń tú síta, kí n tàn án wò. Bó bá ti ṣiṣẹ́, màá dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀, màá lẹ páálí rẹ̀ pa, màá sì kọ ọ́ sórí ayélujára pé tuntun ni. Kí ni ì bá tún jẹ́?

Ìyàwó tuntun ni oníbàárà mi yìí, Bódìjà ló ń gbé. Ọjọ́ kejì tí bílẹ́ńdà dé ọwọ́ rẹ̀ ló kọ̀wé sí mi pé òun rí omi nínú ife rẹ̀. Mo fèsì pé ojú rẹ̀ ló ń ṣomi. Ló bá lọ fẹjọ́ mi sun àwọn tó ni ọjà ayélujára náà. Èmi náà wọ mọ́tò ní Challenge, mo lọ bá a nílé.

Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ìyẹn gan-an tún bí mi nínú. Ó gbé bílẹ́ńdà ka orí tábìlì, ó fi fóònù rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnìkan ti lò ó rí ni?”

Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ pè lólè?

“Ṣé o rò pé mo lè ta gbàrọgùdù fún ẹ ni?” mo ní. “Èmi fúnra mi ni mo tú u ní páálí. Èmi fúnra mi ni mo bu omi sí i, tí mo tì í bọ iná, ó yí fún odindi ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ta ló tún máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹ?”

Ó dúpẹ́, ó sì sìn mí dé ẹnu géètì.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ò tíì parí tí àwọn tó ni ọjà ayélujára náà fi ti ṣọ́ọ̀bù mi pa níbẹ̀. Wọ́n ní ohun tí wọ́n bá ti tú, tí wọ́n sì ti lò, kì í ṣe tuntun mọ́, pé ẹ̀rí ti dé ọwọ́ àwọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìyìn ọdún mẹ́fà lọ. Mo pe obìnrin náà, mo bú u, mo bú ẹni tó gbé e níyàwó. Ó jẹ́ kí n bú u tán.

“Ẹ má bínú, mà,” ó ní. “Ohun tí ẹ sọ ni mo fi ránṣẹ́. Mi ò fi kún un.”

Lẹ́yìn náà ló fi ohùn mi tó fi fóònù rẹ̀ gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ránṣẹ́ sí èmi náà. Mo jókòó sáàárín páálí, mo tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé màá gbọ́ bó ṣe fọgbọ́n àrékérekè mú mi. Obìnrin kan ni mo gbọ́ tó ń yangàn, tó ń ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tínú rẹ̀ ń dùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọmọ náà bi í.