Òógùn Lẹ́yìn Eléérú

Bàbá Perenlei kì í kí ènìyàn kí ó tó kí ẹṣin. Bí ó bá dé ibùdó, ìdí okùn ìso ni yóò kọ́kọ́ lọ. Yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé iwájú orí ẹṣin tí ó ń tiro, kí ó tó wá béèrè bóyá àlàáfíà ni àwa wà. Àwọn àgbà kì í bínú sí i. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ni ó ti jogún iṣẹ́ wíwo ẹsẹ̀ ẹṣin, òun náà sì ń tiro, nítorí ẹṣin kan tí kò tíì mọ ìjánu ni ó gbé e ṣubú ní ìgbà ọ̀dọ́, egungun itan rẹ̀ sì jinná ní wíwọ́.

"Arọ ló ń gbọ́ èdè arọ," báyìí ni ó máa ń wí, tí yóò sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Kò ní aya, kò bímọ. Àpò awọ kan ni ó ń gbé kiri, tí iyọ̀ òkè, ọ̀rá òkété orí òkè àti irun àgùntàn tí a lù pọ̀ bí aṣọ wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Norjmaa ni ó ránṣẹ́ pè é. Àgọ́ Norjmaa àti tiwa kọjú sí ara wọn. Sodov ọkọ rẹ̀ gun Eléérú, ẹṣin rẹ̀ aláwọ̀ eérú, jáde nígbà tí ìgbà ooru ń parí, ó fẹ́ lọ kó àwọn abo ẹṣin wọn bọ̀ láti òdì kejì odò. Odò ti kún. Eléérú nìkan ni ó padà wá. Gàárì ti yí sí abẹ́ ikùn rẹ̀, kò sì lè fi ẹsẹ̀ òsì iwájú kan ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin wá Sodov ní etí odò títí, wọn kò rí fìlà rẹ̀ pàápàá.

Damba, àbúrò Sodov, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Tí a bá fẹ́ pa ẹran ìgbà òtútù tí ẹsẹ̀ yẹn ò tíì tẹ ilẹ̀, màá pa á. Koríko ò tó fún ẹṣin tó ń jẹ tí kò lè rìn."

"Òun ló gbé ẹ̀gbọ́n rẹ kẹ́yìn," ni Norjmaa wí.

Bàbá Perenlei dé, ó sì ń sùn ní àgọ́ wa. Lówùúrọ̀, ó máa ń mú Eléérú dúró nínú odò tí etí rẹ̀ ti ń dì, kí omi tútù lè fa ooru kúrò nínú iṣan tí ó wú. Bí ọ̀sán bá pọ́n, yóò yan iyọ̀ nínú agbada, yóò dì í sínú irun àgùntàn, yóò gbé e lé èjìká ẹṣin náà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọ̀rá fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà láti òkè dé pátákò, tí yóò máa kùn bí oyin. Ojú Eléérú yóò sì wálẹ̀, ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò rọ̀ bí ti ẹni tí oorun ń kùn. Bàbá kì í gba gbogbo ìrora náà kúrò. Ó ní ìrora díẹ̀ ni okùn tí Ọ̀run so mọ́ ẹsẹ̀ ẹranko, kí ó má baà sáré kí àkókò tó tó.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Eléérú a ti máa fi orí pátákò kan ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹsẹ̀ náà a ti wú padà, a gbóná bí ìkòkò.

"Bàbá," ni Damba wí, "ṣé ẹṣin lẹ ń wò ni, àbí ẹran àgùntàn wa lẹ wá jẹ tán?"

"Méjèèjì ni. Èyí tí mò ń jẹ rọrùn ju èyí tí mò ń wò lọ." Ó yíjú sí i. "Damba, ṣé ìwọ kọ́ lò ń gun ẹṣin yìí?"

"Èmi kẹ̀? Ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta? Orí yín dàrú ni, Bàbá?"

Bàbá fi ọwọ́ pè é. Ẹ̀yìn Eléérú tutù fún òógùn lówùúrọ̀ tí ìrì dídì ṣì funfun lórí koríko. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí gàárì máa ń wà nìkan ni, pẹ̀lú ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ibi tí ọ̀já ń gbà kọjá ní ikùn. Damba wò ó.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá fi okùn de ẹsẹ̀ ẹṣin náà, ó ta kókó tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan, ó sì ku eérú ìgbẹ́ màlúù yí i ká. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kókó wà bí ó ti ta á. Ṣùgbọ́n ipa pátákò jáde láti inú eérú, ó kọjá lórí ìrì dídì lọ sí odò, ó sì padà wá. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Ipa ìpadàbọ̀ jìn ju ti ìlọ lọ. Kò sí ipa ẹsẹ̀ ènìyàn kankan níbẹ̀.

Bàbá Perenlei lọ jókòó ní ẹnu ọ̀nà àgọ́ Norjmaa. Èmi ni mo gbé tíì fún un, ni mo fi gbọ́.

"Ọmọ mi, kí lo máa ń ṣe sí ẹṣin yìí nírọ̀lẹ́?"

"Kò ju kí n pe ọkọ mi lọ, Bàbá. Mo máa ń gbé korobá wàrà, màá kọjú sódò, màá ní 'Húráì, húráì, máa bọ̀.'"

"Wàrà yẹn ńkọ́?"

"Màá ta díẹ̀ sí iwájú orí Eléérú. Díẹ̀ sí irin ìtẹsẹ̀ gàárì."

Gbogbo wa ni a ti rí i tí ó ń ṣe é. Kò sí ẹni tí ó kà á sí, nítorí 'húráì' ni a fi ń pe ohun tí ó sọnù, wàrà ni a sì fi ń sin arìnrìn-àjò. Kò sí ẹni tí ó rántí pé a kì í ṣe méjèèjì pọ̀.

"Ìpè nìkan ò burú," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n wàrà lórí irin ìtẹsẹ̀, ti ẹni tó ń lọ ni. Ìwọ lò ń rán ẹṣin yìí lọ gbé e wá."

"Ṣé ó wá gbé e wá?"

"Lọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀."

Norjmaa lọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé òógùn náà, ó gbé e sí imú, ó sì pa ojú dé. Nígbà tí ó là á, inú rẹ̀ dùn débi pé ẹ̀rù bà mí.

"Ó ń wá lójoojúmọ́ nìyẹn."

"Ó ń wá. Kò sì sí ẹsẹ̀ tó ń jinná lábẹ́ ẹlẹ́ṣin."

"Tí mi ò bá wá dẹ́kun ńkọ́?"

"Damba á pọ́n ọ̀bẹ. Ọkọ rẹ ò sì ní rí nǹkan kan gùn mọ́."

Norjmaa kò jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó jáde wá láìgbé korobá. Ó dúró ní apá òsì Eléérú, níbi tí a ti ń bọ́ sílẹ̀, ó gbójú sókè díẹ̀ bí ẹni tí ń bá ẹlẹ́ṣin sọ̀rọ̀.

"Bọ́ sílẹ̀, Sodov. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún."

Kò sí atẹ́gùn. Eléérú fì sí apá òsì, ó tún dúró dáadáa, ó sì gbọn ara láti orí dé ìrù, bí ẹṣin ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá tú gàárì lẹ́yìn rẹ̀. Ajá wa tí ó sùn sí ojú ọ̀nà odò dìde, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì tún dùbúlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn Eléérú kò tutù mọ́. Nígbà tí a ń pa ẹran ìgbà òtútù, ó ti ń fi gbogbo pátákò tẹ ilẹ̀, Damba sì pa màlúù tirẹ̀ dípò rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ní òwúrọ̀ tí Bàbá Perenlei fẹ́ lọ, Damba ni ó bá a di ẹrù.

"Bàbá, ṣé lóòótọ́ ló bọ́ sílẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ẹṣin ni mo mọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀."

"Níbo ló wá wà báyìí?"

"Á máa fẹsẹ̀ rìn."

Norjmaa, tí ó di ìjánu Eléérú mú, gbọ́ ọ. Ó wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí yìnyín ti bò láti ìhín dé ẹsẹ̀ òkè.

"Kò mọ ẹsẹ̀ rìn, Bàbá," ni ó wí. "Láti kékeré, orí ẹṣin ló wà."