Dúpẹ́olúwa Padà Sórí Pápá Kíkbọ́ọ̀lù

Lọ́dún 2009, dókítà ní kí Dúpẹ́olúwa, aránṣọ ní Benson Street, wá eré tí yóò máa mú un làágùn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Kíkbọ́ọ̀lù ló mọ̀: àwọn obìnrin Monrovia á fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á sáré yí igun mẹ́rin pápá ká. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ogun ni kò ti ṣe é, ó sì ti di ìyàwó pásítọ̀. Ojú ń tì í.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, bó ti gbá bọ́ọ̀lù, ó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́bàá pápá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọ̀.

“Màmá Pásítọ̀, ṣé ẹ fẹ́ gbàdúrà sí i ni?” ni Ruth, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọn, fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ìyá Ìyìn, sáré!” ni pásítọ̀ kígbe. Òun náà bá a sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tòun ti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì, títí ó fi dé igun kìíní.