Bàbá Tí Mo Pàdé Létí Odò ní Lübeck

Mo sunkún ní gbangba lónìí, ojú ò sì tì mí.

Èmi àti Bísí ọmọ mi wọ ọkọ̀ ojú irin láti Hamburg lọ wo ìlú àtijọ́ Lübeck. Létí odò, bàbá òyìnbó kan ń wo ilé kan, omijé ń bọ́ lójú wọn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Kí ló ṣe yín?"

"Ilé ìyá mi nìyẹn. Nígbà tí wọ́n pín Jámánì sí méjì, ìhà Ìlà-oòrùn ni mò ń gbé. Nígbà tí wọ́n kú, sójà ò jẹ́ kí n ré bodè kọjá wá sin wọ́n."

Èmi náà ò lè lọ sin ìyá tèmi l'Abẹ́òkúta, torí ìwé Aufenthalt mi, ìwé àṣẹ ìgbé ní Jámánì, ò tíì jáde nígbà náà; bí mo bá lọ, wọn ò ní jẹ́ kí n padà wọlé.

Ni mo bá bú sẹ́kún. Bàbá di ọwọ́ mi mú.

Bísí bi mí lédè Jámánì pé, "Papa, warum weinst du?" Ìyẹn ni pé kí ló dé tí mò ń sunkún.

Mo ní, "Ìyá mi ni mò ń sunkún, ọmọ mi."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èwo nínú èèyàn yín lẹ ò lè lọ sin? Ẹ kọ orúkọ wọn síbí.